Ọjọ́ Kan ní Bèbè Danube: Ohun tí Àlejò Ń Rí àti Ohun tí Budapest Ń Rántí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kì í ṣe pé ojú àlejò fọ́. Ohun tí onílé mọ̀ nípa ògiri kan, nípa igi kan, nípa etí omi kan, ni àlejò kò mọ̀. Òwe yìí bá àwọn arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ tí ń gba orí odò la ilẹ̀ Yúróòpù kọjá mu gan-an. Ọkọ̀ wọn á gúnlẹ̀ sí ìlú kan ní òwúrọ̀, wọn á rìn yíká títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọkọ̀ á sì tún ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti fi wo ohun tí àwọn ènìyàn fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kọ́. Ní Budapest, olú-ìlú Họ́ńgárì, ìtàn tí ó wúwo jù lọ nínú ìlú náà kò fara sin sínú ilé tàbí sẹ́yìn ògiri. Bèbè odò, níbi tí ẹsẹ̀ àlejò ti ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ni ó wà.

Ìrìn àjò báyìí kò ṣeé ṣe láyé àtijọ́. Odò Danube ṣàn láti Igbó Dúdú ní Jámánì, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2,850, ó sì gba orílẹ̀-èdè 10 kọjá kí ó tó wọ inú Òkun Dúdú. Odò Rhine ní tirẹ̀ ń ṣàn lọ sí àríwá, àwọn méjèèjì kò sì pàdé. Ọba Charlemagne gbìyànjú ní ọdún 793 láti gbẹ́ ilẹ̀ kí omi ìhà méjèèjì lè pàdé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣí ipadò àtọwọ́dá tí ó so odò Main mọ́ Danube, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 171. Láti ìgbà náà, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Amsterdam kí ó sì sọ̀ ní Budapest láìpààrọ̀ ibùsùn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń rí láti orí ọkọ̀ ni pé ìlú méjì ló kọjú síra wọn. Buda wà lórí òkè ní ìwọ̀-oòrùn odò, pẹ̀lú ààfin àwọn ọba. Pest wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn, pẹ̀lú ọjà, báńkì àti ilé ìtàgé. Àwọn Tọ́ọ̀kì gba Buda ní ọdún 1541, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1686. Ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná tí wọ́n kọ́ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọdún 1873 ni Buda, Pest àti Óbuda tó di ìlú kan ṣoṣo.

Afárá ni ó kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Ṣáájú rẹ̀, afárá tí a tò sórí àwọn ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ará ìlú fi ń kọjá, a sì ní láti tú u nígbà òtútù kí yìnyín má baà gbé e lọ. Ìtàn sọ pé nígbà tí baba István Széchenyi kú ní ọdún 1820, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ fi dúró ní bèbè kí ó tó rí ọ̀nà kọjá. Ìjòyè ńlá yìí ni ó wá di agbátẹrù afárá tí kì yóò ṣeé tú. William Tierney Clark, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Adam Clark, ọmọ Skọ́tlándì, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Owó afárá ibẹ̀ jẹ́ nǹkan tuntun, nítorí pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí òfin ti yọ kúrò nínú owó orí láti ayébáyé ní láti san án bí àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1849, Széchenyi kò sí níbẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ẹ̀bá Vienna ni ó wà.

Bí oòrùn bá ti gòkè, àwọn amọ̀nà a máa kó àlejò lọ wo Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tí gígùn rẹ̀ lọ sí mítà 268 lẹ́bàá odò. Imre Steindl ni ó ya àwòrán ilé náà. Ọdún 1885 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Steindl sì kú ní ọdún 1902, kí iṣẹ́ tó parí pátápátá. Gíga òrùlé rẹ̀ tí ó rí roboto jẹ́ mítà 96, nítorí pé ọdún 896 ni àwọn ará Họ́ńgárì kà sí ọdún tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀ dó, tí wọ́n sì ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ọdún rẹ̀ ní 1896. Ọdún àjọ̀dún yẹn náà ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù lẹ́yìn ti London.

Àwọn Júù wà lára àwọn tí ó sọ Budapest di ìlú ńlá. Ní ọdún 1910, wọ́n lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ará ìlú: oníṣòwò, dókítà, agbẹjọ́rò, akọ̀ròyìn àti òṣìṣẹ́. Sínágọ́gù wọn ní òpópónà Dohány, tí a parí ní ọdún 1859, ni ó tóbi jù lọ ní Yúróòpù, ó sì lè gba ènìyàn bí 3,000. Àlejò a máa yìn ín fún ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá rẹ̀ ni a sin ènìyàn tí ó lé ní 2,000 sí, àwọn tí ebi, òtútù àti ìwà ìkà pa ní ìgbà òtútù tí ó so ọdún 1944 pọ̀ mọ́ 1945.

Ibi yìí ni ó ti yẹ kí àlejò dúró kí ó ro ìtàn náà dáadáa. Láti ọdún 1938, kí ọmọ ogun Jámánì kan tó wọ ìlú náà, ìjọba Họ́ńgárì ti ń ṣe òfin tí ó ń gba iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ àwọn Júù. Jámánì gba orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1944. Láàrin ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 9 oṣù Keje, a kó Júù bí 437,000 láti àwọn ìgbèríko, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí Auschwitz. Àwọn ará Jámánì ni ó pàṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn agbófinró Họ́ńgárì ni ó lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú irin. Ní oṣù Kẹwàá ni Ferenc Szálasi àti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó fi àgbélébùú ẹlẹ́nu ọfà ṣe àmì, gba ìjọba. Àwọn Júù Budapest ni ó kù, wọ́n sì há wọn mọ́ àdúgbò kan lẹ́bàá sínágọ́gù náà. Àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè bíi Raoul Wallenberg ti Swídìn àti Carl Lutz ti Switzerland ń fi ìwé ààbò gba ẹ̀mí là. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Szálasi ní tiwọn ń kó ènìyàn lọ sí bèbè Danube ní òru, wọ́n ń yìnbọn lù wọ́n kí odò lè gbé òkú lọ. Nígbà mìíràn wọn a so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, wọn a yìnbọn lu ẹnì kan, òun ni yóò sì fa àwọn yòókù sínú omi tútù. Kí wọ́n tó yìnbọn, wọn a ní kí wọ́n bọ́ bàtà, nítorí pé bàtà níye lórí nígbà ogun.

Láti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí gúúsù ni àwọn bàtà náà wà lónìí. Can Togay ni ó gbé èrò náà kalẹ̀, Gyula Pauer sì fi irin ṣe bàtà fún ènìyàn 60: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé, bí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ ní ọdún wọ̀nyẹn. Kò sí ère ènìyàn kankan níbẹ̀. Àwọn àlejò a máa fi òdòdó tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sínú bàtà náà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni a ṣí i, ìyẹn ni pé ọgọ́ta ọdún kọjá kí ìlú náà tó gbé irú ìrántí bẹ́ẹ̀ sí ibi tí ìkà náà ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kò fi ẹni tí ó yìnbọn pamọ́: ó dárúkọ ẹgbẹ́ Szálasi, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì.

Kò jìnnà síbẹ̀, ní Gbàgede Òmìnira, ìrántí mìíràn wà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2014 ní òru. Idì kan, tí ó dúró fún Jámánì, ń já lu áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì, tí ó dúró fún Họ́ńgárì. Ọ̀pọ̀ ará ìlú bínú, wọ́n ní ère náà ń sọ pé Họ́ńgárì kò mọwọ́mẹsẹ̀, pé àlejò nìkan ni ó ṣebi. Wọ́n wá ń kó fọ́tò àwọn òbí wọn, lẹ́tà, àpótí ìrìn àjò àti òkúta síwájú rẹ̀, kí ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lè gbọ́ ẹnu méjèèjì. Ère Imre Nagy pàápàá, olórí ìjọba tí a yẹgi fún ní ọdún 1958 nítorí ìdìde 1956, wà nítòsí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n a gbé e kúrò níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Bí a ti ń gbé ère kalẹ̀ ni a ń gbé e kúrò. Ẹni tí ó bá ní agbára ni ó ń pinnu ohun tí ojú yóò rí.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iná á tàn sí ara afárá àti ààfin, àlejò á sì padà sórí ọkọ̀ láti wò ó. Bí ó ti dára tó, àwókù ni a ti tún un kọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kíní ọdún 1945, bí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń sá kúrò ní Pest, wọ́n fọ́ afárá Széchenyi. Ní àwọn ọjọ́ kan náà ni àwọn ọmọ ogun Soviet tú àwọn Júù tí a há mọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, ni wọ́n tún afárá náà ṣí. Odò náà kò tíì dẹ́kun gbígba ẹ̀mí: ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kan kọlu ọkọ̀ kékeré Hableány lábẹ́ afárá Margaret. Ènìyàn 35 ni ó wà nínú rẹ̀, tí 33 jẹ́ ará Gúúsù Kòríà. 7 péré ni ó yè. Ìrántí tiwọn náà wà ní bèbè.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àròbá, àròbá sì ni baba ìtàn. Àwọn tí ó fojú rí òru bèbè Danube ti ń tán lọ, àròbá ni ó kù, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì ń jiyàn lórí bí a ó ti pa á. Ọ̀ràn náà kò tíì tán. Àlejò tí ó bá ya fọ́tò ilé aṣòfin nìkan, tí ó sì wọ ọkọ̀, ti rí ìlú náà bí ó ti fẹ́ kí a rí òun. Àlejò tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bàtà ọmọdé kan ní etí omi, tí ó sì béèrè ẹni tí ó yìnbọn, ti fi ojú rẹ̀ ríran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó lò níbẹ̀.