Ọgbà Máńgòrò Méjì ní Ilẹ̀ Bengal

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tí kò tíì sọ òkò sí igi máńgòrò rí. Èso náà ti bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé tiwa ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń fi hàn pé àlejò ni. Àwọn ará Malabar, ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, a máa pè é ní maanga. Lẹ́nu wọn ni àwọn Potogí, tí Vasco da Gama kó dé Calicut ní 1498, ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sì ń pè é ní manga. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ó ti dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di máńgòrò lẹ́nu tiwa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn igi yìí, apá Íńdíà ni yóò kọjú sí.

Ní ilẹ̀ náà, jíjẹ nìkan kọ́ ni a ń fi máńgòrò ṣe. Àwọn Híńdù a máa so ewé rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ọdún. Nínú ewì Sanskrit, òdòdó rẹ̀ wà lára òdòdó márùn-ún tí Kama, òrìṣà ìfẹ́, fi ṣe ọfà. Àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ń sọ ìtàn Ambapali, obìnrin arẹwà ìlú Vaishali, tí ó fi ọgbà máńgòrò rẹ̀ ta Buddha lọ́rẹ. Akbar, ọba Mùsùlùmí tí ó jẹ láti 1556 sí 1605, gbin ọgbà kan sí ẹ̀bá Darbhanga tí wọ́n ní igi rẹ̀ tó 100,000. Ẹ̀sìn mẹ́ta ni èyí, ṣùgbọ́n igi kan náà ni.

Nínú àwọn akéwì, ta ni ó fẹ́ràn rẹ̀ tó Mirza Ghalib ti ìlú Delhi, ẹni tí a bí ní 1797? Hali, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Ghalib wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò fẹ́ràn máńgòrò. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dé, ó gbóòórùn èèpo máńgòrò nílẹ̀, ó sì kọjá lọ. Ọ̀rẹ́ náà ní kí Ghalib wò ó, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá kì í jẹ máńgòrò. Ghalib fèsì pé òótọ́ ni, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni kì í jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, ó ń bá ọba Bahadur Shah Zafar rìn nínú ọgbà ààfin, ó sì ń tẹjú mọ́ máńgòrò orí igi. Ọba bi í léèrè ohun tí ó ń wò. Ó ní àwọn àgbà sọ pé orúkọ ẹni tí yóò jẹ èso ti wà lára èso. Òun ń wò ó bóyá òun yóò rí orúkọ òun. Ọba rẹ́rìn-ín, ó sì fi agbọ̀n máńgòrò kan ránṣẹ́ sí i.

Ọba yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí ìtẹ́ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1857. Rangoon ni wọ́n kó o lọ, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1862. Bí a bá wá bèèrè ibi tí agbára àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ ní Íńdíà, inú ọgbà máńgòrò náà ni ìtàn yóò mú wa padà sí.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, 1757, Robert Clive kó nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì sínú ọgbà máńgòrò kan ní Plassey, ní ilẹ̀ Bengal. Ọba Bengal, Siraj-ud-Daulah, kó nǹkan bí 50,000 wá pàdé rẹ̀. Igi máńgòrò àti òkìtì erùpẹ̀ tí ó yí ọgbà náà ká ni ó gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọta àgbá. Nígbà tí ó di ọ̀sán, òjò ńlá rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bo ẹ̀tù wọn, ti ọba sì tutù. Ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́ ni ó ṣẹ́gun ọba. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mir Jafar, ọ̀kan nínú àwọn balógun rẹ̀, ti bá Clive mulẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀; ó kó ọmọ ogun rẹ̀ dúró sí apá kan, kò jà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ogun ti tú. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi pa ọba náà. Mir Jafar gun orí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń pàṣẹ. Títí di òní, bí ará Bengal bá fẹ́ pe ènìyàn ní ọ̀dàlẹ̀, Mir Jafar ni yóò pè é.

Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, wọ́n pín ilẹ̀ náà. Ìpín yìí la ẹkùn Nadia sí méjì: Plassey bọ́ sí Íńdíà, Meherpur bọ́ sí Ìlà-Oòrùn Pákísítánì. Ní oṣù kẹta 1971, ìjọba ológun Pákísítánì kọlu àwọn ará ìlà-oòrùn, wọ́n sì mú Sheikh Mujibur Rahman, ẹni tí àwọn ènìyàn dìbò fún. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ pé jọ sínú ọgbà máńgòrò kan ní Baidyanathtala, ní Meherpur. Lójú àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè, ìjọba Bangladesh búra níbẹ̀, Tajuddin Ahmad sì di olórí ìjọba. Wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé sọ ibẹ̀ ní Mujibnagar. Orin tí wọ́n fi ṣe ti orílẹ̀-èdè wọn ni èyí tí Rabindranath Tagore kọ ní 1905, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ pín Bengal. Ó dárúkọ òórùn ọgbà máńgòrò. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ni ó ṣàn kí ogun tó parí ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá. Ní 2010, Bangladesh fi máńgòrò ṣe igi orílẹ̀-èdè wọn.

Igi kì í dalẹ̀. Ènìyàn ni ó ń dalẹ̀. Inú ọgbà máńgòrò ni Bengal ti pàdánù òmìnira rẹ̀. Lẹ́yìn 214 ọdún, inú ọgbà máńgòrò ni apá kan rẹ̀ ti búra pé òun yóò gbà á padà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí a bá tún jókòó sábẹ́ igi yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé orúkọ ara rẹ̀ ni Ghalib ń wá lára èso, ṣùgbọ́n orúkọ orílẹ̀-èdè ni àwọn ará Mujibnagar rí lábẹ́ igi.