Fóònù Dún ní Ìsẹ́yìn, A Ò Gbọ́ Ohùn

Àbúrò wa pè láti Lọ́ńdọ̀nù kó lè sọ àwọ̀ aṣọ òkè tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́. Màmá gbé fóònù ní Ìsẹ́yìn. "Ẹ̀lóò? Ẹ̀lóò?" Àbúrò ń gbọ́ wọn kedere, àmọ́ Màmá ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wojú wa: "Ṣé nǹkan tí ẹ kàwé fún nìyí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Ní 1981 tí wọ́n kọ ìlànà IPv4, bíi bílíọ̀nù 4.3 ni gbogbo àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀. Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà nìkan gbà ju mílíọ̀nù 16 lọ. Ní 2017 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà lára rẹ̀. AFRINIC, ọ́fíìsì tó ń pín àdírẹ́sì fún ilẹ̀ Áfíríkà, ò dé àfi ní 2005. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìdí oúnjẹ, ẹ mọ ohun tó máa bá.

Ní 1994, Egevang àti Francis gbé ọgbọ́n kan jáde tó ń jẹ́ NAT. Àwọn fúnra wọn pè é ní àtúnṣe fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wò ó bí agbo ilé tó ní géètì kan ṣoṣo. Ọmọ tó ti inú jáde lọ ra iyọ̀, onígéètì á rántí rẹ̀, á jẹ́ kó wọlé padà. Àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè, ìta ló máa dúró sí. Bẹ́ẹ̀, àlejò ni ìpè fóònù.

Asterisk, tí Mark Spencer bẹ̀rẹ̀ ní 1999, la lò. (Ẹ ní kí la ò ṣe lo WhatsApp? A ń lò ó. A kàn fẹ́ ní tiwa ni.) A gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré nílé, a ṣí ojú ọ̀nà fún un nínú firewall. Àbúrò pè títí, kò dún. Àṣé àdírẹ́sì 100.72 ni nẹ́tíwọ̀kì fún ráútà wa, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012 kí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lè kó oníbàárà rẹpẹtẹ sẹ́yìn géètì kan. Agbo ilé wa wà nínú agbo ilé mìíràn, kọ́kọ́rọ́ ìta ò sì sí lọ́wọ́ wa.

La bá háyà sáfà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní àdírẹ́sì gbangba, a kó Asterisk lọ síbẹ̀. Fóònù Màmá ló ń lọ bá a, ó sì ń kí i lóòrèkóòrè kí onígéètì má baà gbàgbé. Ìgbà yẹn ló wá dún, tí ohùn ò wọlé. Fóònù ti kọ 192.168.1.7 sínú ìwé ìpè rẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé ohùn wá. Ìyẹn dà bíi kéèyàn kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n gbé ẹrù wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ilé ìdáná ta ni? Ìlà kan, rtp_symmetric=yes, ló yanjú ẹ̀: sáfà ò wo ohun tí ìwé wí mọ́, ibi tí ohùn Màmá ti jáde ló ń dá èsì padà sí.

Kí GSM tó dé ní oṣù kẹjọ 2001, bíi ìlà 400,000 ni gbogbo Nàìjíríà ní, bẹ́ẹ̀ a ti lé ní mílíọ̀nù 100. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rìn lọ síbi tí fóònù wà kí wọ́n tó lè gba ìpè. Fóònù ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Sáfà wa ló wá rìnrìn àjò.

A ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá. Wọ́n ní ó dáa, kí a dákẹ́ ná, kí àwọn gbọ́ bóyá aláró ni wọ́n fẹ́ tàbí pupa.