Ìyapa Tọkọtaya Ṣáájú Ìkọ̀sílẹ̀: Láti Dálémoṣú dé Òfin 1970

Ìfáàrà
Láàárín ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀, ipò kan wà tí tọkọtaya ti kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ṣùgbọ́n tí okùn tó so wọ́n pọ̀ kò tíì já. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ipò náà láwùjọ Yorùbá àti ohun tí òfin so mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tó bá ṣì í mú lè di arúfin láìmọ̀.

Dálémoṣú ní Ayé Àtijọ́
Obìnrin tí ilé ọkọ kò bá rọgbọ fún a máa kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé baba rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní dálémoṣú. Ẹbí méjèèjì ni yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, tí wọn yóò pẹ̀tù sí i, tí wọn yóò sì bá ẹni tó jẹ̀bi wí. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì dá owó ìdána padà, ìyàwó ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà. Ọkùnrin mìíràn tó bá bá a lò, àlè ni. Àwọn ọmọ kò sì pàdánù ipò wọn nínú ìdílé baba wọn. Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣe àkíyèsí pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an láyé àtijọ́. Ìjà wà, dálémoṣú ló ń fún ìjà láyè láti rọlẹ̀.

Ìyípadà Lábẹ́ Ìjọba Amúnisìn
Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, Òfin Ìgbéyàwó ti 1884 fi ẹsẹ̀ ìgbéyàwó ọkọ kan aya kan múlẹ̀. Ní ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ fún obìnrin láǹfààní láti gba ìkọ̀sílẹ̀ bí owó ìdána bá ti padà, ìbáà ṣe pé ẹbí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ tuntun ń san owó náà. Báyìí ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ìpẹ̀tù.

Ìyapa Nínú Òfin 1970
Òfin lórí ẹjọ́ ìgbéyàwó tó jáde ní 1970 kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí. Ti kóòtù ló wà fún. Láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò lè béèrè ìkọ̀sílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda kóòtù. Bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2 tí ẹnì kejì kò sì takò ó, tàbí fún ọdún 3 bó tilẹ̀ takò ó, èyí tó ẹ̀rí pé ìgbéyàwó náà ti dàrú kọjá àtúnṣe.

Òfin náà tún fàyè gba ìyapa tí adájọ́ pàṣẹ. Àṣẹ yìí bọ́ àjàgà gbígbé pọ̀ lọ́rùn ẹni tó béèrè fún un, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíràn nínú ipò yìí lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 7 lábẹ́ abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀. Bí ọ̀kan bá kú láìṣe ìwé ìhágún nígbà tí àṣẹ náà wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò pín ogún rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kejì ti ṣáájú rẹ̀ kú. Ẹni tó kàn kó ẹrù jáde láìgba àṣẹ kò sí nínú ìlànà yìí. Ẹ̀tọ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣì dúró.

Àgbálọgbábọ̀
Dálémoṣú àti ìyapa kóòtù jọra ní ti pé ọ̀kankan nínú wọn kò fòpin sí ìgbéyàwó. Ìyàtọ̀ wọn ni pé àṣà ń béèrè bóyá owó ìdána ti padà, òfin ń ka ọdún, ó sì ń dúró de ọ̀rọ̀ adájọ́. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ lórí ìgbéyàwó kò gbọdọ̀ dúró lórí alárinà, ìtọrọ àti ìdána nìkan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé tọkọtaya kan ti kọ ara wọn, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe.