Bí Wọ́n Ṣe ń Ki Akọni Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Kí Ìdíje Tó Ṣí

Kí àwọn akọ̀wé eré ìdárayá Amẹ́ríkà tó kọ́ láti máa ki akọni ṣáájú ogun, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n ti ń kì í; nítorí ní ọdún 1889, ogún ọdún lẹ́yìn tí yunifásítì Rutgers àti Princeton kọ́kọ́ wàákò lórí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ni a tẹ orúkọ àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìdíje, iṣẹ́ tí orúkọ Walter Camp ti Yale, ẹni tí wọ́n ń pè ní baba eré náà, rọ̀ mọ́ títí dòní.

Nígbà tí ó di 1940, ìwé ọdọọdún nípa bọ́ọ̀lù, Street and Smith's, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí ìdíje tó ṣí. Ní 1950, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press náà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ẹgbẹ́ sí ipò kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tó bá gbọ́n: bí a ti ń dárúkọ akọni ni alátakò ń pa ète dè é. Síbẹ̀, Archie Griffin ti Ohio State, tó gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ, ní 1974, wọ ìdíje 1975 lójú gbogbo ayé, ó sì tún gbà á, òun nìkan ṣoṣo ló sì tíì gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí a kì ṣáájú, tí ìṣe rẹ̀ sì bá oríkì rẹ̀ mu, òun ni akọni tòótọ́.