Ọkọ̀ háíbíríìdì yín kò sítáàtì? Bátìrì kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bíi náírà 190, ó kọjá náírà 480. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní náírà 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Kò yani lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń béèrè ọkọ̀ háíbíríìdì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná mànàmáná rìn pọ̀. Toyota Prius, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Camry àti Lexus náà ní tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni lásán. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ fẹ́ gba Òṣogbo lọ, ọkọ̀ ò dáhùn. Iná ìkìlọ̀ tò rẹrẹ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan yọjú, ó ní, “Bátìrì háíbíríìdì ti kú nìyẹn o!” Kí ẹ tó kó owó ńlá sílẹ̀, ẹ dúró ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì kékeré fóòtì 12 ló kú.

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà

Bátìrì ńlá ló ń yí táyà, òun náà ló sì ń jí ẹ́ńjìnnì. Ti Prius ọdún 2004 sí 2015 jẹ́ fóòtì 201.6. Bátìrì kékeré ò yí táyà rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kó tan iná, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó sì ṣí ọ̀nà fún iná bátìrì ńlá láti wọlé. Ẹ wò ó bí bàbá tó mú kọ́kọ́rọ́ àká dání. Àká lè kún fún iṣu, àmọ́ tí bàbá bá ti sùn lọ, ebi ló máa pa ará ilé.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ọkọ̀ tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí bátìrì bá ń rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà tìkọ̀tìkọ̀. Háíbíríìdì ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀, torí bátìrì ńlá ló ń jí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bátìrì kékeré fi máa ń kú lójijì lójú ẹni, bẹ́ẹ̀ ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́.

Àmì tẹ́ ẹ máa rí

- Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ tẹ bíréèkì, ọ̀rọ̀ READY ò tàn.
- Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, tàbí ó ṣókùnkùn.
- Iná ìkìlọ̀ bíi mẹ́ta, mẹ́rin tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ohun kan bàjẹ́ lánàá.
- Rímóòtù ò ṣílẹ̀kùn dáadáa, bẹ́ẹ̀ bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ ṣì dára.
- Aago ọkọ̀ àti ìkànnì rédíò tẹ́ ẹ tò sílẹ̀ ń pa rẹ́ fúnra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò

Rẹwáyà tó bá ní mítà lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú láìtàn. Tí mítà bá ka fóòtì 12.6 sókè, ó dára. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 12.2, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Tí kò bá tó 12, ó nílò ṣájì kíákíá. Bátìrì tẹ́ ẹ ṣájì kún lálẹ́ tó tún rọ̀ wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àfàìmọ̀ kó má ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí READY tàn, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Tó bá dúró sí 12 síbẹ̀, ẹ má tíì ra bátìrì: ẹ̀rọ tó ń sọ iná ńlá di kékeré, tó ń ṣájì bátìrì náà, ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Tó bá ti kú pátápátá

Ẹ má wulẹ̀ pe àwọn ọmọ àdúgbò pé kí wọ́n wá bá yín tì í. Háíbíríìdì kì í jí nípa títì.

Tí ilẹ̀kùn ò bá ṣí, kọ́kọ́rọ́ irin kékeré kan wà nínú rímóòtù náà, ẹ fà á yọ. Nínú Prius 2004 sí 2015, inú búùtù lọ́wọ́ ọ̀tún ni bátìrì wà, búùtù ò sì ní ṣí nígbà tí iná ò sí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: nínú àpótí fíùsì, irin kan wà lábẹ́ ọmọrí pupa tẹ́ ẹ lè fa iná sí.

Ọkọ̀ fóòtì 12 mìíràn ni kẹ́ ẹ fi fà á. Wáyà pupa kọ́kọ́ lọ síbi irin náà, lẹ́yìn náà síbi pọ́sítíìfù ọkọ̀ kejì. Wáyà dúdú lọ sí nẹ́gétíìfù ọkọ̀ kejì, ìparí rẹ̀ sì lọ síbi irin gidi tí kò ní ọ̀dà lára ọkọ̀ yín. Ẹ fara balẹ̀ o! Tí pupa àti dúdú bá ṣì ara wọn, ó lè jó fíùsì ńlá àti kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ á sì ju ti bátìrì lọ.

Tí READY bá ti tàn, ẹ yọ wáyà, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ sí P, kẹ́ ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú gáréèjì tó sé mọ́, torí ẹ́ńjìnnì lè dédé jí, èéfín rẹ̀ sì ń pààyàn. Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ nínú rẹ̀: ọkọ̀ tí READY tàn lè rìn bó tilẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Iná bátìrì ńlá ló wà níbẹ̀, ó lè pa èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn

Irú tí wọ́n ń pè ní AGM ni kẹ́ ẹ béèrè tó bá jẹ́ pé inú búùtù ni bátìrì yín wà. Ó ní ihò tí wọ́n ń ki rọ́bà kékeré bọ̀, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jáde síta. Ẹ rí i pé wọ́n dá rọ́bà yẹn padà. Bátìrì olómi lásán nínú búùtù á máa tú èéfín asíìdì síbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣájì AGM, ẹ ní kí wọ́n rọra ṣe é. Iná tó le jù ń bà á jẹ́.

Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo déètì ara bátìrì. Ó lè ti jókòó fún oṣù púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àti ní wáàfù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Bó ṣe lè pẹ́

Ooru ilẹ̀ wa ò dára fún bátìrì, ìjókòó lásán ló sì tún burú jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlá tó ń gbé Èkó ló ń fi ọkọ̀ sílé títí dìgbà ọdún. Ẹ sọ fún ará ilé kó tan READY fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ yọ wáyà nẹ́gétíìfù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má gbé rímóòtù sítòsí ọkọ̀, torí ọkọ̀ á máa jí láti dá a lóhùn.

Paríparí rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó nínú ọkọ̀ gbọ́ ìròyìn wa: inú wa dùn, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé READY tàn. Tí kò bá tàn, bátìrì kékeré nìkan ló ń gbé rédíò yẹn.

Tí bátìrì kékeré bá yege gbogbo àyẹ̀wò yìí tí iná ìkìlọ̀ ò sì lọ, ìgbà yẹn gan-an ló tó kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ bátìrì ńlá.