Ilé Òógùn Ojú

 

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí tálákà kan bá wá sọ́dọ̀ yín, tí ó ní òun ń fẹ́ ilé tí òun lè pè ní tòun, kí ni ẹ ó ṣe fún un? Bí ẹ bá fi ilé ta á lọ́rẹ, ó lè máa wo ara rẹ̀ bí alágbe. Bí ẹ bá sì yá a ní owó sogúndogójì, gbèsè ni yóò gbé dé sàréè. Ìtàn àwọn tí wọ́n wá ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tí à ń pè ní Americus. Ní ìtòsí ibẹ̀ ni Clarence Jordan, oníwàásù tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá oko Koinonia sílẹ̀ ní ọdún 1942. Òyìnbó àti ènìyàn dúdú jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà. Èèwọ̀ ńlá ni èyí ní Georgia nígbà náà. Láti ọdún 1956, àwọn oníṣòwò kò tà fún wọn mọ́. Àwọn ọ̀tá yìnbọn sí ilé wọn, wọ́n sì fi àdó olóró fọ́ ìsọ̀ wọn lẹ́bàá ọ̀nà. Síbẹ̀, wọn kò ṣí kúrò.

Ní ọdún 1968, Millard Fuller àti Linda aya rẹ̀ wá bá Jordan. Lọ́yà ni Fuller. Ó ti di olówó rẹpẹtẹ kí ó tó pé ọmọ 30 ọdún, ṣùgbọ́n òun àti aya rẹ̀ ti fi ọrọ̀ náà tọrẹ. Wọ́n wo àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní àyíká oko náà: òṣìṣẹ́ kára ni wọ́n, ṣùgbọ́n inú ahéré onípákó tí kò ní omi ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ta ni yóò yá irú wọn lówó kọ́lé?

Wọ́n wá pín ilẹ̀ sí ojúlé 42, wọ́n sì bẹ àwọn aláàánú kí wọ́n dá owó jọ, kí wọ́n má gba èlé. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú gègé yín. Bí ilé kan bá jẹ́ 6,000 dọ́là, tí a sì fún onílé ní 20 ọdún láti san án, 25 dọ́là ni yóò máa san lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí a bá gba èlé 6 lórí 100 lọ́dún, yóò tó nǹkan bí 43 dọ́là lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì ju 10,000 dọ́là lọ. Ṣé ẹ rí ohun tí èlé lè ṣe sí tálákà?

Jordan kú ní oṣù October, ọdún 1969, kí ilé àkọ́kọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ìdílé kan kó wọ ilé náà. Ní ọdún 1973, Fuller gbé ètò náà lọ sí ìlú Mbandaka ní Zaire, èyí tí à ń pè ní Kóńgò lónìí; nígbà tí ó sì padà ní ọdún 1976, ó dá ẹgbẹ́ Habitat for Humanity sílẹ̀. Ní ọdún 1984, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, gbé òòlù lọ sí New York láti bá wọn tún ilé ìdílé 19 ṣe.

Báwo ni ìdílé ṣe ń rí ilé gbà? Wọn yóò kọ̀wé béèrè, ìgbìmọ̀ yóò sì wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé ibi tí wọ́n ń gbé kò dára? Ṣé owó tí ń wọlé fún wọn, bí ó tilẹ̀ kéré, tó láti san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀? Ṣé wọ́n ṣetán láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ níbi ilé tiwọn àti ti ẹlòmíràn? A kì í wo àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó kankan kò wọlé fún kò lè rí i gbà. Ibẹ̀ ni agbára ètò náà mọ.

Àwa náà mọ ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ yìí, a sì mọ ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó, èlé ni. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, owó tí ó jẹ kò dín ní kọ́bọ̀. Ti àwọn ará Georgia yìí yàtọ̀: òógùn onílé ń di ògiri ilé rẹ̀, owó tí ó ń san padà sì ń di ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò san tirẹ̀, kì í ṣe olówó ni ó rẹ́ jẹ, ìdílé tí ó kàn ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹ bá fẹ́ ran aládùúgbò yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.