Yíyan kabúrétọ̀ fún alùpùpù ìje àtijọ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kan ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ kabúrétọ̀ alùpùpù àtijọ́ tí ó fi ń sáré ìje. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó tóbi jù ni ó ń mú alùpùpù sáré jù.

Àpẹẹrẹ kan ni Z1 tí iléeṣẹ́ Kawasaki ti Japan gbé jáde ní 1972. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 903cc, kabúrétọ̀ Mikuni mẹ́rin tí ọ̀fun wọn jẹ́ mìlímítà 28 ni ó sì bá a wá. Fún ìje tààrà onímítà 402, Keihin CR oní-29 tó fún ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tíì fẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fẹ̀ dé 1,075cc lè gba CR oní-33 tàbí Mikuni RS oní-34.

Bí ọ̀fun bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò rọra kọjá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì yí kíkankíkan, kò sì ní lè fa epo dáadáa. Alùpùpù yóò kọsẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí ó fò jáde.

Ewu tí ó ju ìyẹn lọ wà nínú jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ínrín tí epo ń gbà kọjá. Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, ooru lè dá písítìnì lu. Nítorí náà, lẹ́yìn eré àṣekágbá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì tú pílọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá funfun, epo kéré; bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù.